Ṣé Kí Ọmọ Wa Tètè Jáde ní Yunifásítì?

Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ìdàpọ̀ Àwọn Obìnrin
Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 1:20-28, Lúùkù 2:41-52

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń bá pàdé nínú ìwé wa, ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa. Ọmọ tí ó wà ní Houston tàbí Maryland yóò pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Mọ́mì, wọ́n ní mo lè parí ní ọdún mẹ́ta dípò mẹ́rin. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?" Nílé níbí, ìyá mìíràn wà tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS2, tí ó sì ti ń wá ibi tí ọmọ náà yóò ti jókòó ṣe ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, kí ó lè wọ yunifásítì kí ó tó pé ọmọ ọdún 16. Bí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọdún kan ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò nínú ọdún ẹ̀kọ́ ọmọ. Ta ni yóò jèrè ọdún náà, kí sì ni a óò fi san án?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti òkè òkun, nítorí òun ni ó rọrùn jù láti ṣírò.

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe iye ọdún ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní dìgírì àkọ́kọ́, iye kírẹ́díìtì ni. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn, 120 ni. Ẹni tí ó bá ń ṣe 15 ní sáà kan, tí sáà sì jẹ́ méjì lọ́dún, yóò pé 120 ní ọdún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ bá gbé e lè ṣe 18 ní sáà kan, ó sì lè lo ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn láti fi kún un. Yàtọ̀ sí èyí, ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní AP, tí ọmọ máa ń ṣe nígbà tí ó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Bí ó bá gba máàkì tí ó dára, ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò kà á sí kírẹ́díìtì fún un. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní CLEP, tí àgbàlagbà pàápàá lè jókòó ṣe. Àwọn mìíràn a máa gba ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wọn kí wọ́n tó jáde ní sẹ́kọ́ńdírì rárá. Nítorí náà ọmọ lè wọ yunifásítì pẹ̀lú 30 kírẹ́díìtì lọ́wọ́, iṣẹ́ ọdún kan gbáko nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Ọlọ́run ni ó fi ọdún mẹ́rin lélẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ dìgírì. Ní Scotland tí ó bá a pààlà, mẹ́rin ni. Yunifásítì Buckingham, tí ó ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1976, ń fi ọdún méjì fúnni ní dìgírì, nítorí pé wọ́n gé ìsinmi kúrú. Ní ọdún 2023, àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà gbà kí kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì, Brigham Young University-Idaho àti Ensign College, máa fún ènìyàn ní dìgírì tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò ju 90 sí 94 lọ. Ohun tí ènìyàn ṣètò ni, ènìyàn sì lè tún un ṣètò.

Èrè rẹ̀ kò fara sin. Owó ilé-ìwé ọdún kan, owó ibùgbé àti oúnjẹ ọdún kan, gbogbo rẹ̀ ti di ti àpò. Ẹni tí ó ń fi náírà san dọ́là mọ ohun tí à ń sọ. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó ti lé ní ₦1,500. Ìyá tí ó ń fi 10,000 dọ́là ránṣẹ́ lọ́dún, tí ó jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ náírà àti díẹ̀ tẹ́lẹ̀, bá ara rẹ̀ nídìí mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó tètè máa bọ̀, ta ni yóò bá a wí? Àbúrò sì wà lẹ́yìn tí ó ń dúró. Nínú ilé Yorùbá, ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n bá fi ṣáájú dé ibi iṣẹ́ lè jẹ́ ọdún kan tí àbúrò kò ní fi jókòó sílé. Mo sọ èyí kí ó má baà dà bí ẹni pé àwọn tí ń yára kò ní ìdí.

Àmọ́ o, àwọn ohun kan wà tí ọmọ kì í sọ lórí fóònù, bóyá nítorí pé òun náà kò tíì rò ó débẹ̀.

Èkíní ni ti físà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín lọ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní F-1, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ọjọ́ tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ ni aago bẹ̀rẹ̀ sí í ka. 60 ọjọ́ ni wọ́n fún un láti palẹ̀ mọ́, àfi bí ó bá ti ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, tàbí bí ó bá ti béèrè fún àyè àtiṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní OPT. Oṣù 12 ni OPT yìí. Ẹni tí ó kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò lè gba oṣù 24 sí i. Ọmọ tí ó bá fi ọdún kan yára jáde láìtíì rí ibi tí ó ń lọ, ó ti fi ọdún kan sún ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ súnmọ́ tòsí ni, bí ẹni tí ó sáré dé etí odò kí ọkọ̀ tó dé. Òfin físà sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ bá ọ́fíìsì tí ó ń mójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Àwọn tí a bí síbẹ̀, tàbí tí wọ́n ti di ọmọ onílùú, kò ní ìṣòro físà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ gbèsè ìjọba láti kàwé. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò nílé-ìwé ni sísan gbèsè náà yóò bẹ̀rẹ̀, bóyá wọ́n ti rí iṣẹ́ tàbí wọn kò tíì rí. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́rin tún wà: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọdún kẹrin tí ọmọ kò bá lò kì í tẹ̀lé e lọ sí ibòmíràn, ṣe ni ó máa ń ṣòfò.

Èyí tí ó sì burú jù lójú tèmi ni ti ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà ìsinmi yẹn ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé fún oṣù díẹ̀ láti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń rí iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá jáde. Ọmọ tí ó fi gbogbo ìsinmi jókòó sí kíláàsì kí ó lè yára, ó lè jáde ní ọdún kẹta pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ láìsí ẹni kan tí ó mọ̀ ọ́n ní ibi iṣẹ́ kankan. Bákan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ (nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún) nílò máàkì gíga, ó nílò olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa tí yóò kọ lẹ́tà fún un, ó tún ní ìdánwò MCAT láti ṣe. Bí 18 kírẹ́díìtì ní sáà kan bá fa máàkì rẹ̀ wálẹ̀, ìyára náà ti gba ohun tí ó ń sáré lé lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé Níbí Ńkọ́?

Ní orílẹ̀-èdè wa, ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ tí ó gba JAMB wọlé fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin yóò lo ọdún mẹ́rin, bí ọpọlọ rẹ̀ tilẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n ti fi òdiwọ̀n lé iye yúnìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ní sáà kan, 24 sì ni òpin rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Òfin àti imọ̀ ẹ̀rọ jẹ́ ọdún márùn-ún, ìṣègùn jẹ́ mẹ́fà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó bófin mu láti dín in kù ni Direct Entry, níbi tí ẹni tí ó ti ní NCE, tàbí OND, tàbí A-level yóò ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì, ẹni bẹ́ẹ̀ sì ti lo ọdún tirẹ̀ níbòmíràn kí ó tó dé.

Nígbà tí a kò lè yára jáde, kí ni àwa ṣe? A yára wọlé. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń gé e. Ọmọ ọdún méjì ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi (orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún wa pé ilé ni ó ń sinmi, kì í ṣe ọmọ). Ọmọ ọdún mẹ́rin àbọ̀ ti wà ní pírámárì kìíní. Ó dé pírámárì karùn-ún, a mú un ṣe ìdánwò, ó fo ìkẹfà. Ó dé SS2, a wá orúkọ fún un ní ilé-ìwé mìíràn, ó ṣe Wáẹ́ẹ̀kì. Ó di ọmọ ọdún 15, a di ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì.

Ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí bí wọ́n ti ń mú ọmọ sílé-ìwé láyé àtijọ́. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Olùkọ́ yóò ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ kò bá kan etí, ẹ mú un padà sílé, ó di ọdún tí ń bọ̀. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín lónìí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ara ọmọ ni wọ́n bi léèrè, wọn kò bi ìyá rẹ̀.

Ètò 6-3-3-4 tí a ń lò pẹ̀lú sọ ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà ni ó fi sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà wọ pírámárì, ó lo mẹ́fà, ó di 12. Ó lo mẹ́ta àti mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì, ó di 18. Ìṣirò yìí ni Tahir Mamman, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2024 pé kò sí ọmọ tí yóò wọ yunifásítì mọ́ bí kò bá tíì pé 18. Ẹ rántí ariwo tí ó ta. Àwọn òbí pariwo, àwọn ilé-ìwé aládàáni pariwo, wọ́n sì ní kí ọdún náà lo 16 ná. Kí ọdún náà tó parí, mínísítà tuntun, Tunji Alausa, ti dá a padà sí 16. Ní ọdún 2025, JAMB ní ọmọ tí kò tó 16 tí ó bá jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ lè wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 320 nínú 400, kí ó sì tún yege nínú àyẹ̀wò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ogunlọ́gọ̀ tí ó gbìyànjú, díẹ̀ kín-ún ni ó là á já. Èyí tó fún wa láti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ó fo kíláàsì ni ó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀. Ìyá ni ó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ nínú ìkánjú.

Síbẹ̀, ìkánjú náà ní ohun tí ó bí i. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ní ọdún 2020, ó tún gba oṣù mẹ́jọ ní ọdún 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ọmọ tí ó wọlé ní ọdún 2019 pàdánù oṣù 17 nínú ìlérí tí wọ́n ṣe fún un. Ó jáde tán, ìsìnrú ìlú gba ọdún kan. Ó wá bọ́ sí ìgboro, ó ka ìpolówó iṣẹ́, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹni tí ó bá ti ju ọdún 26 lọ. Ìyá tí ó ti rí èyí lára ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, ó di dandan kí ó wo èyí àbíkẹ́yìn kí ó sì ní, "Ìwọ, tètè máa lọ."

Nípa ti míráákù sẹ́ńtà, ibi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún ọmọ ẹlòmíràn, àti ti ìwé ìbúra ilé-ẹjọ́ tí a fi ń yí ọjọ́ orí padà, n kò ní sọ púpọ̀. Olè ni, irọ́ sì ni. Ẹni tí ó bá fi èyí mú ọmọ yára, ó ti kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ mìíràn kí ó tó dé yunifásítì.

Ìyá John Wesley àti Ọmọ Tí Wọ́n Kánjú Kọ́

Àwa Mẹ́tọ́díìsì kò gbọdọ̀ wá ẹ̀rí jìnnà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìyá kan wà tí ó ti sọ tirẹ̀. Susanna Wesley bí ọmọ tí ó tó mọ́kàndínlógún, àwọn tí ó yè nínú wọn kò sì ju bíi mẹ́wàá lọ. Ní ilé wọn ní Epworth, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní ìwé, wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, wákàtí mẹ́ta lọ́sàn-án. Nígbà tí John ti dàgbà, ó bẹ ìyá rẹ̀ kí ó kọ ọ̀nà tí ó gbà tọ́ wọn sílẹ̀ fún òun, ìyá sì kọ ọ́ nínú lẹ́tà ní oṣù keje ọdún 1732.

Òfin rẹ̀ ni pé ọmọ kan kì í fọwọ́ kan ìwé títí tí yóò fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọ̀lẹ, ẹ má ṣi í gbọ́. Bí ọmọ bá ti pé márùn-ún, ní ọjọ́ kejì gan-an ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ti tún ilé ṣe sílẹ̀, wọ́n á ti pín iṣẹ́ fún olúkúlùkù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ iyàrá náà ní àwọn wákàtí ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi mọ gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì. Molly àti Nancy ni ó lo ọjọ́ kan ààbọ̀, ìyá wọn tilẹ̀ kọ́kọ́ rò pé wọ́n ya òpè. Lẹ́yìn náà, ibi ìbẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì ni wọ́n ti ń kàwé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n mú bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé márùn-ún. Kezzy, àbíkẹ́yìn wọn, ni. Susanna kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò fara mọ́ ọn, pé wọ́n borí òun ni. Kí ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀? Ohun tí àwọn yòókù fi oṣù kọ́, ọdún ni ó gba Kezzy. Ìyá tí ó tọ́ John àti Charles ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ẹ sì wò ó, John tí a kò kánjú kọ́ yìí, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ó wọ Oxford ní ọdún 1720. Kò pẹ́, kò sì yá.

Hánà pàápàá, tí ó ti ṣèlérí ọmọ fún Ọlọ́run pẹ̀lú omijé, nígbà tí ọkọ rẹ̀ àti gbogbo ilé ń gòkè lọ sí Ṣílò, ó ní òun kò lọ, ó di ìgbà tí ọmọ bá já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀jẹ́ wà nílẹ̀, ó sì fẹ́ san án, ṣùgbọ́n kò fi ọmọ tí kò tíì gbó san ẹ̀jẹ́. Nígbà tí ó sì fi í sílẹ̀ tán, ọdọọdún ni ó ń rán aṣọ kékeré lọ fún un. Ẹni tí ó ń rán aṣọ fún ọmọ lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ máa mọ bí ọmọ náà ti ga tó. Nínú ìwé Lúùkù, Jésù ọmọ ọdún 12 jókòó láàárín àwọn olùkọ́ ní Jerúsálẹ́mù, ẹnu sì ya gbogbo wọn sí ìdáhùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, a óò ti gba fọ́ọ̀mù fún un kí a tó kúrò nínú tẹ́ḿpìlì. Ṣùgbọ́n ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà sí Násárẹ́tì, ó sì tẹrí ba fún wọn, ó di nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní gbangba.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé kò sí ẹni tí ó yára tí ó dára fún ni? Ó wà. Martin Luther King fo kíláàsì méjì, ó sì wọ Morehouse College ní Atlanta ní ọdún 1944, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, nítorí ogun ti kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì ń wá ọmọ. Ó jáde ní ọdún 1948 ní ọmọ ọdún 19. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí a kì í sọ. Ilé bàbá àti ìyá rẹ̀ nínú ìlú kan náà ni ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀; oúnjẹ ìyá rẹ̀ ni ó ń jẹ, ìjọ bàbá rẹ̀ ni ó ń lọ. Lẹ́yìn tí ó sì yára gba dìgírì àkọ́kọ́ tán, kò yára mọ́. Ó lo ọdún mẹ́ta sí i ní Crozer, ó tún lọ sí Boston, ọdún 1955 ni ó tó gba oyè dókítà. Ọdún tí ó jèrè, inú ẹ̀kọ́ ni ó tún ná an sí.

Ọmọ tiwa ńkọ́? Ọmọ ọdún 15 ni a mú lọ sí ìlú tí a kò ní ìbátan, a gba iyàrá fún un níta nítorí họ́sítẹ́ẹ̀lì kò gbà wọ́n tán, a fi owó oṣù kan lé e lọ́wọ́, a sì wọ ọkọ̀ padà. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ náà mọ físíìsì, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ẹni tí ó ń tan òun jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn kì í wá ọmọ ọdún 22 tí ó mọ ohun tí ó fẹ́. Ẹni tí àárò ilé ń sọ ni wọ́n ń wá. Ti ọmọbìnrin tún lé kenkà. Olùkọ́ tí kò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run mọ èwo nínú wọn ni kò tíì lè sọ pé "rárá" fún àgbà, nítorí àwa ni a kọ́ ọ pé kí ó máa kúnlẹ̀ kí àgbà, kí ó má sì fèsì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọbìnrin kan tó kúrò lábẹ́ òrùlé yín, ẹ kọ́ ọ bí a ti ń sọ "rárá" sókè ketekete, kódà fún àgbàlagbà.

Ọ̀rọ̀ yíyan iṣẹ́ tún wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 tí ó dé SS1 ni a ní kí ó sọ bóyá sáyẹ́ǹsì ni tàbí iṣẹ́ ọnà. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ ọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi yunifásítì kan sílẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọdún tí a rò pé a ti jèrè náà ni wọ́n ń dá padà, pẹ̀lú èlé.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè jiyàn rẹ̀ nínú ìpàdé. Ọmọ ogún ọdún tí ó wà lókè òkun, tí ó ti jókòó ṣírò kírẹ́díìtì rẹ̀, tí ó mọ ibi tí ó ń lọ lẹ́yìn ọdún kẹta, tí ìdààmú owó ilé sì wà níwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa yára. Àgbà ni, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń sáré. Ìyàtọ̀ wà láàárín òun àti ọmọdé tí a gbé sáré. Èyí tí a ń fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fo kíláàsì, n kò rí ẹni tí ó jèrè rẹ̀ tó bí a ti ń pariwo rẹ̀ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Bí ọmọ bá parí sẹ́kọ́ńdírì ní ọmọ ọdún 15, kò burú kí ó lo ọdún kan tàbí méjì nílé fún A-level, kí ó sì gba Direct Entry wọlé. Ọdún yẹn kò sọnù, nítorí ọdún kejì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó lè kọ́ aṣọ rírán, tàbí kọ̀ǹpútà, tàbí kí ó jókòó tì yín ní ṣọ́ọ̀bù kí ó rí bí owó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ọmọ tí ó ti rí ìyá rẹ̀ tí ó ń ná ọjà fún odidi ọdún kan kì í bú gbàǹgbà ná owó oúnjẹ oṣù kan ní ọjọ́ mẹ́rin.

Bí ọmọ yín bá sì pè láti òkèèrè pẹ̀lú ìbéèrè ọdún mẹ́ta, ẹ má yára sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì yára sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ bi í pé: Lọ́jọ́ kejì tí o bá jáde, níbo ni o óò jí sí? Ta ni ó ti sọ fún ọ pé òun yóò gbà ọ́ síṣẹ́? Máàkì rẹ ní sáà tí ó kọjá ńkọ́, nígbà tí o ṣe 15 péré? Ìgbà wo ni o ń sùn? Ṣé ara rẹ ni ó fẹ́ yára, tàbí nítorí o gbọ́ tí mo ń kérora nípa dọ́là? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni kí ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń ru ẹrù ilé lórí láìsọ, tí wọ́n ń ṣe kírẹ́díìtì 18 lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, kí Mọ́mì má baà ta ilẹ̀.

Fún Ìjíròrò Nínú Ẹgbẹ́

1. Nínú ilé yín, ọmọ ọdún mélòó ni olúkúlùkù ọmọ nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ pírámárì, ta ni ó sì pinnu rẹ̀: ìyá, bàbá, olùkọ́, tàbí aládùúgbò?

2. Wọ́n borí Susanna Wesley lórí ọ̀rọ̀ Kezzy. Nínú ilé tiwa, ta ni ó lè borí ìyá lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni ìyá sì ṣe lè sọ tirẹ̀ kí wọ́n gbọ́?

3. Ìdílé kan ní ọmọ méjì ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà, owó kò tó. Èyí ẹ̀gbọ́n lè yára jáde ní ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n yóò pàdánù àyè ìkọ́ṣẹ́ tí ó ti rí. Kí ni ẹ óò gbà wọ́n nímọ̀ràn? Kí ẹnì kan gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, kí ẹlòmíràn gbè sẹ́yìn àbúrò.

4. Àwọn ọmọ ìjọ wo ni ó ń lọ sí yunifásítì ìlú mìíràn lọ́dún yìí tí wọn kò tíì pé 17? Kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn, kí a sì wádìí bóyá Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wà nítòsí ibẹ̀, àti ìyá wo nínú ìjọ náà ni a lè kọ̀wé sí pé kí ó máa yọjú sí wọn.